Ọba Ugbowo Tí Kò Pàdánù Rí

Oyèlékè ní òun ti jọba lórí gbogbo ayé nígbà mẹ́tàdínláàádọ́ta, òun ò sì pàdánù ìlú kan ṣoṣo rí, kódà abúlé tí ewúrẹ́ mẹ́ta péré ń gbé. Ó ní ọba àwọn Potogí kan ti kúnlẹ̀ bẹ òun pẹ́ débi pé orúnkún rẹ̀ dá kòtò sílẹ̀, òjò rọ̀ sínú kòtò náà, ẹja sì ń gbé inú rẹ̀ dòní. Ó ń sọ gbogbo èyí lórí àga oníke tí ẹsẹ̀ kan ti kán lára rẹ̀, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tì, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó ní Ugbowo, ní ìlú Benin, ní òdìkejì géètì yunifásítì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Títún kọ̀ǹpútà ṣe niṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n gémù kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ di olókìkí. Nínú gémù yìí, èèyàn á mú orílẹ̀-èdè kan láyé àtijọ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, á máa bójú tó ọmọ ogun rẹ̀, ọjà rẹ̀, ìgbéyàwó àwọn ọmọ ọba rẹ̀ àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ rẹ̀, títí ọdún tí wọ́n dá fún un á fi pé. Ohun tí gémù náà sì kọ́kọ́ máa ń bi èèyàn ni pé irú ìjọba wo ló fẹ́ ṣe.

"Ìjọba ọba," Oyèlékè ń wí, ó na ìka sókè bíi pásítọ̀. "Kò sí òmíràn. Ọba sọ̀rọ̀, ó parí. Ìlú ọba náà la sì wà yìí, ẹ lọ bi àwọn onílùú wò. Ẹni tó bá mú irú ìjọba mìíràn, kó yáa lọ máa ta gúgúrú."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, irọ́ lẹ ń pa."

Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà, gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà náà ti là bí ilẹ̀ oko nínú oṣù Kejì. Tinúadé lorúkọ rẹ̀. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ètò òṣèlú. Ó rẹwà débi pé ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì gbé ìwé mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì pọ̀ wọ́n títí di ọjọ́ kejì.

"Ọba yín bá kú lónìí," ó bi í, "tí àrẹ̀mọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú, ta ló máa pàṣẹ?"

"Ọba mi kì í kú."

"Kì í kú báwo?"

"Mi ò gbà fún un."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún bú sẹ́rìn-ín. Tinúadé ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Oyèlékè láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo búlọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ àga, ó ní kó dìde kí òun jókòó. Oyèlékè, ẹni tí ọba àwọn Potogí ń bẹ̀rù, dìde.

Gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà kì í gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ láti pààrọ̀. Ti Tinúadé gba ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kìíní, Oyèlékè ní gíláàsì náà ń bọ̀ láti Èkó. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní táyà ọkọ̀ tó gbé e ti bẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ keje, ó ní ẹja àbùùbùtán ló dí ọkọ̀ náà lọ́nà, ó ti gbàgbé pé orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀hún ń gbà. Gbogbo ìgbà yìí, gíláàsì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Tinúadé mọ̀. Ó ti rí i lọ́jọ́ kejì nígbà tó ń wá bírò, ó sì rọra ti dúrọ́ọ̀ náà padà. Ojoojúmọ́ ló ń wá béèrè gíláàsì, ojoojúmọ́ ló ń jókòó ṣe wákàtí méjì.

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, Oyèlékè ò rí ẹranko inú omi mìíràn dárúkọ mọ́. Ó pààrọ̀ gíláàsì, ó sì fi bátìrì tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní bátìrì yìí á gbé kọ̀ǹpútà náà dé ọjọ́ tí Jésù bá padà.

"Ẹ ṣeun," Tinúadé wí. Ó gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ apá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ṣé mo ṣì lè máa wá?"

Oyèlékè fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Bí Sátidé wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oyèlékè fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjì inú ṣọ́ọ̀bù pọ̀, olúkúlùkù mú orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Oyèlékè á mú ìjọba ọba. Tinúadé á mú ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń kó ara wọn jọ dìbò yan olórí.

"Èmi ò fẹ́ ilẹ̀ rẹpẹtẹ," Tinúadé máa ń wí. "Ìlú mẹ́fà, èbúté mẹ́ta, ó tó mi. Olórí kan ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, a ó yan ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọba tìrẹ bá ya ọ̀lẹ ńkọ́? O máa jókòó tì í títí á fi kú ni."

"Ṣùgbọ́n ọba lè fẹ́ ọmọ ọba kejì," Oyèlékè á dáhùn. "Ó lè tipa bẹ́ẹ̀ jogún odindi ìlú láì yọ idà. Àwọn oníṣòwò tìrẹ, ta ni wọ́n lè fẹ́? Gémù ò gbà fún wọn."

Wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ yìí débi pé alágbo tó wà nílé kejì ń dá sí i. Wọ́n wo ìjọba àwọn àlùfáà, Tinúadé ní ó dáa fún ẹni tó fẹ́ kí àwọn ará ìlú fara balẹ̀. Wọ́n wo ìjọba àwọn ẹlẹ́ṣin tí kì í gbé ojú kan, Oyèlékè ní ti àwọn yẹn rẹ òun, tí wọn ò bá jagun lóṣù kan ṣoṣo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Nígbẹ̀yìn, kálukú á padà sí tirẹ̀.

Ohun kan wà tí Tinúadé ò mọ̀. Lábẹ́ tábìlì Oyèlékè, níbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún máa ń sinmi sí, ni síwíìṣì iná gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà. Bí ọmọ ogun Tinúadé bá ti ń sún mọ́ ààfin, bí ọba Oyèlékè bá ti ń wú ikọ́ ikú, àtàǹpàkò yẹn á sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Iná á lọ.

"Àwọn oníná yìí ò níwà," Oyèlékè á wí, á mi orí bí ẹni tí wọ́n kú fún.

Tí iná bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi eré náà pamọ́ sí kẹ́yìn, níbi tí ọba rẹ̀ ṣì ń jẹun, tó ń yọ̀. Òun ló fà á tí kò fi pàdánù rí.

Oṣù kẹrin tí wọ́n ti ń ta á ni Oyèlékè rán ikọ̀ láti ààfin rẹ̀ sí ìlú Tinúadé nínú gémù, ó ní kí wọ́n tọrọ ìyàwó. Gémù dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń dìbò kì í fẹ́ ọmọ ọba.

Oyèlékè yíjú sí Tinúadé. "Yí ìjọba rẹ padà," ó ní. "Dé adé, ká lè fẹ́ra."

Tinúadé gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Nínú gémù lò ń sọ ni, àbí níta?"

Àágùn bo Oyèlékè. Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo alágbo tó ti na ọrùn wọlé bí ọrùn àgùnfọn.

"Níta," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ.

"Tó bá jẹ́ níta," Tinúadé wí, "mo fẹ́ràn rẹ, Lékè. Mo ti fẹ́ràn rẹ láti orí ẹja àbùùbùtán. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ọkọ yí ìjọba mi padà. Inú ilé tí ẹnì kan ti ń pàṣẹ ni mo dàgbà sí, mi ò padà síbẹ̀. Tó o bá fẹ́ mi, ìwọ ni kó o bọ́ adé."

Oyèlékè wo ìjọba rẹ̀. Ó gbòòrò láti òkun dé òkun. Ó gbé ọwọ́ lé máòsì, ó sì tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ọba sọ̀kalẹ̀, kí ìlú máa dìbò. Ìlú dàrú. Àwọn ìjòyè dìtẹ̀, ìlú mẹ́rìnlá ya kúrò lára rẹ̀, wọ́n jó ààfin, wọ́n jó ilé ẹṣin. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n lórí síwíìṣì. Kò tẹ̀ ẹ́.

Tinúadé wo ojú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Àwa méjèèjì wá di oníbò báyìí. Gémù ṣì ní a ò lè fẹ́ra."

"Àfi ká lọ fẹ́ra níta."

"Àfi bẹ́ẹ̀, olówó orí mi."

Ṣùgbọ́n níta, bàbá Tinúadé wà níbẹ̀.

Bàbá Ògúnwálé ń ta páànù ní Ikpoba Hill. Ọmọ ìlú Ìlá ni, ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Benin, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá àdúgbò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dìbò yàn án, fọ́tò ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ògiri pálọ̀. Ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ pé Olúwafẹ́mi, ọmọ ọ̀rẹ́ náà tó jẹ́ apoògùn òyìnbó ní Ìbàdàn, ni Tinúadé máa fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Tinúadé rí Olúwafẹ́mi rí, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí ni wọ́n sì jọ sọ.

Nígbà tí Oyèlékè ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan ṣoṣo ni Tinúadé sọ fún un. "Sọ ẹni tó o jẹ́. Má fi nǹkan kan kún un."

Oyèlékè dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde. Títíloyè, ìyá Tinúadé, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ lọ́jà Ekiosa, fún un lómi. Bàbá bi í ní ìlú rẹ̀, ó sọ Ẹdẹ, òótọ́ ni. Ó bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sọ ọ́, òótọ́ ni.

"Kí lo kà?"

Oyèlékè ya ẹnu, ẹnu náà sì ṣe tinú ara rẹ̀. "Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, sà. Yunifásítì tó wà ní Ugbowo yìí gan-an. Ipò kìíní ni mo ṣe. Lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, ọ̀gá gbogbo wọn sunkún, wọ́n fi aṣọ ìnura méjì nu ojú rẹ̀."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kíláàsì kejì nílé ìwé girama àgbà ló kúrò, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tó sì lọ kọ́ṣẹ́.

Ojú Bàbá Ògúnwálé là. Ó ní kó mú ìwé ẹ̀rí náà wá lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Ó ní òun fúnra òun máa gbé e lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n bá òun wò ó, nítorí kì í ṣe ojú lásán ni òun fi ń fọmọ fọ́kọ.

Tinúadé bá a sọ̀kalẹ̀ dé ibi afárá tó wà nísàlẹ̀ òkè. Oyèlékè ló kọ́kọ́ lanu, ó ní kò tíì bàjẹ́, òun á lọ sọ fún Bàbá pé wọn ò gbọ́ òun dáadáa ni, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tinúadé wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Oyèlékè jáde lọ ra wáyà, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ síwíìṣì pa kó tó lọ. Nígbà tó padà, Tinúadé wà níwájú kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ti wá síbẹ̀ láti bá a parí ìjà, ó bá ṣọ́ọ̀bù nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n fáànù alágbo ń yí fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ nílé kejì. Ó tẹ̀ lé wáyà láti ara ògiri dé abẹ́ tábìlì. Ó rí síwíìṣì, ó rí bí àtàǹpàkò ṣe ti fá ọ̀dà ara rẹ̀ nù. Ó tan iná, ó ṣí gémù, ó sì rí àkójọ àwọn ibi tí Oyèlékè fi eré pamọ́ sí. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Kógun Tó Dé. Kógun Tó Dé Kejì. Kí Tinú Tó Gba Ààfin. Kí N Tó Kú. Kí N Tó Tún Kú.

"Adé mi," Oyèlékè wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbogbo ìgbà tó o bá pàdánù lo máa ń sá padà sẹ́yìn."

"Eré ni, Tinú. Eré lásán ni."

"Ọjọ́ ìsinmi àná náà ńkọ́? Irọ́ tó o pa fún bàbá mi, níbo lo fi wákàtí tó ṣáájú rẹ̀ pamọ́ sí? Wá a, kó o tẹ̀ ẹ́, ká padà síbẹ̀."

Tinúadé dìde. Inú ń bí i, ó sì ń sunkún, méjèèjì pa pọ̀.

"Kì í ṣe ìwé tó o kà ni mo fẹ́ fẹ́," ó wí. "Tó o bá pàdánù mi nítorí òótọ́, màá bá ẹ sunkún. Tó o bá pàdánù mi nítorí irọ́, ìwọ nìkan ni kó o sun ún."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju ọdún mẹ́ta lọ. Oyèlékè ò pa irọ́ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, wọ́n ní báwo ni Potogí, ó ní òun ò mọ̀. Alágbo gbé àgbo ibà wá fún un láì gbowó, ó rò pé ó ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ Furaidé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ibi ìpamọ́ yẹn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó parí, ó yọ síwíìṣì kúrò lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lọ sára ògiri lókè, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kankan ò lè dé.

Lọ́jọ́ ìsinmi, òun nìkan ló gun òkè Ikpoba. Ó gbé ìwé ẹ̀rí kan tó wà nínú férémù mọ́ àyà. Ìwé fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ ni, èyí tí ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gá Adéyẹmí tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí ọjà Ekiosa, fún un lẹ́yìn ọdún márùn-ún tó fi sin ín, lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà fún un, tí wọ́n da páúdà lé e lórí, tí wọ́n ní kó lọ dá dúró.

Bàbá Ògúnwálé gba férémù náà, ó kà á, ó yí i padà wo ẹ̀yìn.

"Kí lèyí?"

"Ìwé ẹ̀rí mi, sà. Èyí tí mo ní nìyẹn. Mi ò dé yunifásítì rí, àfi tí mo bá lọ tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹnikẹ́ni ò sunkún."

Ìyá Tinúadé yọjú láti kíṣìnnì, ìpọnbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ́wùnmí, àbúrò Tinúadé tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tí kì í fi fèsì, yọ ohun tó ń gbọ́ kúrò létí. Bàbá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kó jáde.

Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mi ò jáde, sà."

"O ní kí ni?"

"Mo ní mi ò jáde. Mo jẹ̀bi irọ́, ẹ nà mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Tinúadé, ìyẹn kì í ṣe irọ́, mi ò sì ní torí ìtìjú fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ pe èèyàn mẹ́fà kí wọ́n gbé mi. Màá tún rìn padà wá ni."

Tinúadé ti wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé látìgbà tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó jáde, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ sí.

"Dádì, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí."

"Ẹni tó purọ́ fún mi lójú ara mi?"

"Ẹni tó purọ́, tó sì padà wá sọ ọ́ láì jẹ́ pé ẹnì kan mú un."

Bàbá lu apá àga. "Nínú ilé yìí, ọba kan ló wà. Mo ti sọ̀rọ̀. Olúwafẹ́mi ni."

Tinúadé ò gbé ohùn sókè. Ó nawọ́ sí fọ́tò mẹ́ta tó wà lára ògiri. "Dádì, ta ló fi yín jẹ alága ẹgbẹ́?"

"Àwọn ará ẹgbẹ́ ni. Ìwọ náà mọ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe yàn yín?"

Bàbá wo àwọn fọ́tò náà. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀nà ẹ̀yìn ò sì sí.

"Wọ́n pín ìwé, wọ́n dìbò," Tinúadé wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ka ìbò náà lójú gbogbo èèyàn. Ẹ ò sọ fún wọn pé ọba kan ló wà. Ohun tí ẹ gbà pé ó dáa fún ọgọ́fà èèyàn níta, ẹ gbà á fún èèyàn mẹ́rin nínú ilé. Ẹni tó bá ní kí Tinúadé fẹ́ ẹni tó wù ú, kó nawọ́." Ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ sókè.

Ìrẹsì ń hó ní kíṣìnnì.

Ìyá Tinúadé gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú ìpọnbẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Bàbá Tinú, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wò yín tí ẹ ń jọba," ó wí. "Ọwọ́ yìí ti ń yún mi tipẹ́."

"Daddy, abeg," Ọmọ́wùnmí wí, ọwọ́ tirẹ̀ náà ti wà lókè, "na three against one."

Oyèlékè, tó ṣì wà nílẹ̀, na ọwọ́ sókè láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Tinúadé ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn ò tíì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdìbò.

"Tí mi ò bá gbà ńkọ́?" Bàbá bi í.

"Ẹ lè má gbà, Dádì. Mi ò ní sá kúrò nílé, mi ò sì ní fẹ́ Olúwafẹ́mi. Ibí yìí ni màá jókòó sí, màá máa sọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run bá dá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí ẹ ó fi gbọ́."

Bàbá Ògúnwálé wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọbẹ̀ tó ń kán. Lẹ́yìn náà, ó bojú wo Oyèlékè nílẹ̀.

"Ọmọ́wùnmí gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ròyìn fún mi pé o ní gémù kan, o máa ń pa iná tó o bá fẹ́ pàdánù. Mi ò lè fọmọ fún ọkùnrin tí kò lè pàdánù, nítorí ilé ọkọ, àdánù wà níbẹ̀. Sátidé, màá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ìwọ àti èmi."

Sátidé mẹ́ta ló wá. Ní ti àkọ́kọ́, ó mú ìjọba ọba, ó kọ ìgbìmọ̀, ó ní òun ò nílò ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, àwọn ìjòyè rẹ̀ sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ní ti ìkejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún lé e. Ní ti ìkẹta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ọba máa bá ìgbìmọ̀ jókòó, ó ní kí Oyèlékè má sọ fún ẹnì kankan nílé. Lọ́jọ́ yẹn, ìlú rẹ̀ tòrò. Àwọn ìjòyè rẹ̀ kó ẹṣin fún un, ó gun ẹṣin náà wọ ààfin Oyèlékè, ó mú ọba rẹ̀ lẹ́rú.

Ẹsẹ̀ Oyèlékè méjèèjì wà nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ojú kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ti pàdánù. Ó wò ó títí. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó borí.

"Iná ò lọ?" Bàbá bi í.

"Iná ò lọ, sà."

Bàbá Ògúnwálé gbé fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ó lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá. Ọ̀gá Adéyẹmí ṣíwájú ẹbí ọkọ, ó gbé iṣu lé èjìká bí ẹni gbé ìbọn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Olúbùnmi, tó mọ ẹnu ọ̀rọ̀, ni alága ìjókòó. Ó ní kí Oyèlékè dọ̀bálẹ̀, ó ṣe é. Ó ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ó wá ní kó dìde, kó sọ fún ilé ẹni tó jẹ́.

Kò yẹ kí wọ́n bi í bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn àádọ́ta.

"Èmi ni Oyèlékè," ó bẹ̀rẹ̀. Ó rí ojú wọn, inú rẹ̀ dùn, ó gbàgbé ara rẹ̀. "Ọba àwọn Potogí mọ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínláàádọ́ta ni mo ti gba ayé, mi ò sì pàdánù rí."

Bàbá Ògúnwálé wú ikọ́ díẹ̀ nínú àga rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Tinúadé jáde pẹ̀lú gèlè, ó rẹwà débi pé iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ léjìká Ọ̀gá Adéyẹmí. Kì í ṣe Bíbélì tí wọ́n ní kó lọ mú ló gbé dání. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ni. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná.

"Mo ti gbọ́ tirẹ̀," ó wí fún alága. "Ẹ jẹ́ kó bá mi ta á níṣojú yín. Tó bá borí, mo fẹ́ ẹ. Tí kò bá borí, mo ṣì fẹ́ ẹ, nítorí èmi ni mo dìbò fún un, kò sí ẹni tó lè yí i. Mo kàn fẹ́ kí ẹbí mọ òótọ́ ni."

Alága Olúbùnmi ní òun ò rí irú èyí rí, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Gbogbo ilé pagbo. Oyèlékè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, wọ́n ń gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ ara wọn ta á, kò sì tíì pẹ́ tí àwọn oníṣòwò etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú rẹ̀ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ìlú mẹ́wàá. Ìlú ogún. Wọ́n dé ẹnu ààfin.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò tíì tẹ nǹkan kan láti oṣù mẹ́rin. Kò fẹ́ ṣe é. Àtàǹpàkò ló ṣe é. Ó jáde nínú bàtà, ó rìn lọ lábẹ́ tábìlì bí aláǹgbá, ó kan wáyà, ó fà á yọ.

"Àwọn oníná yìí ò níwà," Oyèlékè wí, ó sì mi orí.

Fáànù òrùlé ń yí. Gílóòbù ń tàn. Kọ̀ǹpútà náà ń tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí bátìrì tí Oyèlékè fúnra rẹ̀ fi sí i lọ́jọ́ kọkànlá, èyí tó ní ó máa dé ọjọ́ tí Jésù bá padà, kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti yọ wáyà. Níwájú èèyàn àádọ́ta, ọmọ ogun ìyàwó wọ ààfin.

Gbogbo ilé tẹ̀ba, wọ́n wo abẹ́ tábìlì. Àtàǹpàkò náà ṣì wà níbẹ̀, wáyà ṣì rọ̀ mọ́ ọn.

Oyèlékè wo Tinúadé. Tinúadé ń wò ó, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín àti omi, kò sì sí èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ. Oyèlékè fò dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Fìlà rẹ̀ bọ́ lójú àtẹ̀gùn, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti Ikpoba Hill bí ẹni tí gbogbo Potogí ń lé.

Ọ̀gá Adéyẹmí fẹ́ tẹ̀ lé e. Tinúadé mú bàtà kan náà lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé itan, ó jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó sáré," ó wí. "Ti òní yìí, kò fi í pamọ́ síbì kankan. Kò sí ibi tó lè padà sí àfi ọ̀dọ̀ mi."